Abọ́ Tó Dá Wà Nísàlẹ̀ Àpótí

Iṣẹ́ kan wà láyé tí kì í pariwo, òun ni iṣẹ́ Ìyá Awọ. Inú yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà ìta dé ló ti ń ṣe é, níbi tí afẹ́fẹ́ gan-an ti ń gba inú asẹ́ kọjá kó tó wọlé. Bí iná bá jó èèyàn débi tí awọ ò kù lára ẹ̀ mọ́, àwọn dókítà á gé awọ tó tó èékánná lára ibi tí iná ò dé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i. Òun á tú u palẹ̀ títí á fi ku àwọn sẹ́ẹ̀lì, àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n para pọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ́ awọ. Á gbìn wọ́n sínú abọ́ pẹlẹbẹ bí ẹni gbin ẹ̀fọ́, á bu omi oúnjẹ fún wọn, á tì wọ́n mọ́nú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí inú ara èèyàn. Bí Ọlọ́run bá bá a ṣe é, awọ tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà á bo ojú abọ́, wọ́n á sì gbé e lọ tẹ́ sára ẹni tó ni ín. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí àwọn tó ń san owó oṣù nìkan mọ̀. Ìyá Awọ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é.

Àgbẹ̀ tó bá ń gbin fún gbogbo ayé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbin fún ará ilé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, jórinjórin ni. Ẹnìkan gbé dúróòmù wá bá a pé kó bá òun gé orí rẹ̀ kúrò. Ó bi í bóyá epo ti wà nínú ẹ̀ rí, ẹni náà ní omi ni, omi lásán. Epo tó gbẹ kò kú, oorun ló ń sùn. Bí iná ẹ̀rọ ṣe kan dúróòmù báyìí, ó bú gbàmù. Ẹ̀yìn, àyà, itan méjèèjì, iná kó o lọ bí ẹni ká aṣọ lórí okùn. Ibi tó ṣẹ́ kù tó dára kò ju abíyá kan àti ẹ̀yìn etí lọ.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí láti kékeré, ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣì í sọ. Ó pẹ́ kó tó rìn. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Bó bá ń jẹun, eṣinṣin á ti yó kó tó bu òkèlè kejì. Abọ́ kan náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń jẹun nígbà náà, torí ìyá wọn gbà pé bí ẹlẹ́nu kíá bá jókòó ti ẹlẹ́nu jẹ́jẹ́, ẹnu ti jẹ́jẹ́ á yá. Ẹnu ò yá. Ọmọ ń gbẹ bí ewé tí a sá sóòrùn. Wọ́n fún un lóògùn aràn, wọ́n fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé e kiri títí ẹsẹ̀ fi ń ro ìyá. Lọ́jọ́ kan, ìyá náà kàn ra abọ́ mìíràn, ó bu ti ọmọkùnrin sọ́tọ̀, ó sì wo ọmọbìnrin lójú, ó ní, "Sún kúrò nídìí abọ́ àbúrò ẹ." Kò pariwo mọ́ ọn. Kí òjò ọdún náà tó dá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti kún. Wọ́n fi ṣe ẹ̀rín títí àwọn méjèèjì fi dàgbà.

Nígbà tí awọ abíyá Jẹ́jẹ́ dénú abọ́, Jẹ́jẹ́ náà ni ó jẹ́ níbẹ̀. Ti àwọn ẹlòmíì á ti máa pín, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, bí ìròyìn àdúgbò. Tirẹ̀ jókòó. Láàárọ̀, Ìyá Awọ á fi ojú sínú awò tó ń sọ kékeré di ńlá, á rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí àlejò tó dé ibi ayẹyẹ ṣáájú àwọn tó pè é.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, bàbá kan tó máa ń fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, bá a wò ó.

"Wọn ò kú," ó ní. "Wọ́n kàn lọ́ra ni. Jẹ́ ká fi awọ tí àwọn olóògbé fi tọrẹ bo ojú egbò ná, ká fún àwọn yìí láyè."

"Sà, ṣé egbò ní sùúrù ni?"

"Egbò ò ní. Àwa la máa ní in."

Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ létí. Ẹni tí iná ò jó ara ilé rẹ̀ ló ń kọ́ni ní sùúrù, bó ṣe rò ó lọ́kàn nìyẹn. Ó wọ aṣọ tí wọ́n fi ń wọlé bá àwọn tí iná jó, ó de imú, ó lọ bá Jẹ́jẹ́. Ìyá wọn wà níbẹ̀ lórí àga oníke kan, ó fọwọ́ lé itan, nítorí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Jẹ́jẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Awọ mi ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀."

"Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀ ni?"

"Ìwọ lo ni ín. Bó o ṣe ń rìn ló ṣe ń rìn."

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn mi á béèrè pé kí ló fà á."

Ìyá Awọ fa àga mọ́ra. "Mo ti rò ó. Mo máa fi tèmi kún un. Tèmi yára. Wọ́n á jọ dàgbà nínú abọ́, tèmi á di àyè mú, tìẹ á máa tẹ̀ lé e bọ̀. Bó bá dé ara ẹ, ara ẹ á lé tèmi lọ díẹ̀díẹ̀ torí àlejò ni, tìẹ á sì gba ilé rẹ̀."

"Ọlọ́run á gbọ́wọ́ ẹ, àkọ́bí mi," ìyá wọn wí. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí."

Jẹ́jẹ́ wo òkè àjà. "Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ ẹran inú abọ́ mi tán, ẹ̀yin náà lẹ tún fẹ́ bá mi dá abọ́ pọ̀ báyìí?"

Ìyá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹran ọdún wo?"

"Mo ṣì ń retí ẹ̀, Màámi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín níwọ̀n tí ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́ gbà wọ́n láyè. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n gbé sí orí ìtẹ́ kí wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún, ẹ̀rín ni wọ́n fi gbé e kọjá.

Òfin kan wà ní yàrá náà tí ò tíì yí padà rí: abọ́ ẹnìkan, awọ ẹnìkan. Ìyá Awọ fúnra rẹ̀ ló máa ń fi kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n òfin tí a bá fi kọ́ni, a máa ń rò pé àwọn tí a ń kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ó ní ìyá kan náà ló bí àwọn, baba kan náà, irú àlejò wo ni yóò wá wà láàrin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò? Ó bẹ nọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ìyẹn gé awọ díẹ̀ níbi ìkọ̀kọ̀ itan Ìyá Awọ. Kò sọ fún Ọ̀gá.

Tirẹ̀ dénú abọ́, ó bẹ́ sílẹ̀ bí koríko àkọ́rọ̀ òjò. Nígbà tó tó, ó kó ti Jẹ́jẹ́ jáde, ó kó tirẹ̀ jáde, ó pò wọ́n pọ̀ ní dọ́gbadọ́gba, ó sì dà wọ́n sínú àwọn abọ́ tuntun. Ẹ̀kán kan ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìgò Jẹ́jẹ́, èyí tí kò tó pò mọ́ nǹkan kan. Irú rẹ̀ là ń dà nù. Ó gbé ìgò náà dé ẹnu garawa ìdọ̀tí, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó dà á sínú abọ́ kékeré kan, ó tì í sẹ́yìn pátápátá ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ àpótí ooru. Bó bá ti ń bọ́ àwọn yòókù, á bọ́ òun náà, torí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń rí ẹnu tí wọn ò ní fi nǹkan sí i. Kò fi í sábẹ́ awò. Kò retí nǹkan kan níbẹ̀.

Kò pẹ́, àwọn abọ́ ńlá kún. Wọ́n kún dáadáa, wọ́n tò láti etí dé etí, kò sí ihò, kò sí àlàfo. Inú rẹ̀ dùn, ó ní àgbájọ ọwọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ balẹ̀ ni, dídán yẹn gan-an ni ì bá bà á lẹ́rù. Bí ẹni méjì bá jọ ń gbé yàrá kan, tí ọ̀kan sì lé ìkejì jáde, ó kéré tán àga á ṣubú, ife á fọ́. Nínú àwọn abọ́ yìí, àga kan ò ṣubú.

"Àwọn onísùúrù yìí mà ti sáré," Ọ̀gá wí, gíláàsì rẹ̀ lójú.

"Wọ́n ti jí, sà."

Irọ́ kékeré ni, ó sì wúlò lọ́jọ́ náà.

Wọ́n tẹ́ awọ náà sí Jẹ́jẹ́ lára, awọ sì mú. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Ibà lọ. Jẹ́jẹ́ jókòó, ó fi ọ̀pá ìfamu mu tíì, ó ní ó ń yún òun, pé awọ tó bá ń yún èèyàn, awọ gidi ni. Ìyá wọn kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì, wọn ò lè gbé e dìde. Ó délé, ó ròyìn fún gbogbo òpópónà: ẹ̀gbọ́n bọ́ awọ ara ẹ̀ fún àbúrò. Aládùúgbò tí kò kí Ìyá Awọ rí bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jáde láti kí i. Ó ń jẹ́ ìkíni náà lẹ́nu, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí oyin.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbàgbé láti sọ ti èyí tí a bá fagbára mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì ń tú ìdì ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́, awọ sì bá aṣọ ìdì wá, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ewé tó ti rà. Ìyá Awọ kò mikàn. Ó ní tòun ló ń lọ yẹn, ti Jẹ́jẹ́ ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ń retí àwọn àmì kéékèèké, bí erékùṣù nínú omi, níbi tí awọ àbúrò rẹ̀ bá dúró sí. Ẹ̀yìn bó, àyà bó, itan tẹ̀ lé e. Kò sí erékùṣù kankan. Ẹran pupa ni láti èjìká dé orúnkún, bí ọjọ́ tí dúróòmù bú gan-an.

Ó padà sí yàrá rẹ̀. Awọ kan ṣẹ́ kù nínú yìnyín, ara èyí tí wọ́n tẹ́ ni. Aró kan wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, bó bá kan sẹ́ẹ̀lì ọkùnrin, sẹ́ẹ̀lì náà á tàn bí iná ìṣáná. Ti obìnrin á dúdú kalẹ̀. Ó kán aró náà sí i, ó fi ojú sínú awò. Òkùnkùn. Ó yí awò sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó lọ sí igun, ó lọ sí igun kejì, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù láàrin èrò. Ẹyọ kan ò tàn. Gbogbo abọ́ náà, òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó pe Ọ̀gá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ìkọ̀kọ̀ itan rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n dé yìí. Bàbá náà wo inú awò pẹ́. Nígbà tó gbé ojú kúrò, kò bá a wí. Bó bá bá a wí ni, ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ara," ó ní. "Àwọn sẹ́ẹ̀lì máa ń wọn ara wọn wò. Èyí tó yára á fara ti èyí tó lọ́ra, á máa fún un mọ́gun, èyí tó lọ́ra á sì mọ̀ pé òun ló kéré. Á kú fúnra ẹ̀."

"Mi ò rí òkú kankan, sà."

"O ò lè rí i. Àwọn aládùúgbò ló gbé e mì. Wọ́n á jókòó sáyè ẹ̀, ilẹ̀ á dán."

"Ṣé tèmi burú ni?"

"Kò burú. Ó yára ni. Nínú ara, ẹni tó bá yára ni wọ́n ń pè lẹ́ni rere. Nígbà míì wọ́n máa ń jàre. Nígbà míì, bí jẹjẹrẹ ṣe ń rí ọ̀nà gbà nìyẹn."

"Bí wọ́n bá dá wà ńkọ́? Àwọn tó lọ́ra."

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Bí wọ́n bá dá wà, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Wọ́n á wà láàyè bíi tìẹ, bíi tèmi. Ẹni tí wọ́n bá fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ń sọ wọ́n di aláìsàn."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Awọ rántí. Ó lọ kúnlẹ̀ nídìí àpótí ooru, ó na ọwọ́ dé ẹ̀yìn pátápátá ní pẹpẹ ìsàlẹ̀, ó fa abọ́ kékeré náà jáde. Kò nílò aró. Ó gbé e sábẹ́ awò, ó sì rí wọn: wọ́n ti kún. Pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, láìsí ẹni tó ń wò wọ́n, wọ́n ti di ara wọn mú létí mọ́ etí bíi táìlì ilé tuntun. Ohun tí òun ò ní sùúrù dúró dè ti ṣe tán.

Ṣùgbọ́n abọ́ náà ò tó àtẹ́lẹwọ́ bò. Ọ̀gá ní kí wọ́n pín in sí abọ́ púpọ̀, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pín in, egbò ti dáhùn ìbéèrè tí Ìyá Awọ bi ní ìjọ́sí: kò ní sùúrù. Ibà padà, ìdọ̀tí egbò sì wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ó lọ jókòó ti Jẹ́jẹ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ sẹ́nu, bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò ti dákẹ́. Jẹ́jẹ́ la ojú kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣé ẹran yẹn lẹ gbé wá ni?"

"Rárá."

"Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu. Mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́."

Ó pa ojú náà dé. Ìyá Awọ gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ bó ṣe gbé e wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti ń pín tíì kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, Jẹ́jẹ́ lọ. Ó lọ́ra títí dé òpin. Wọ́n rò pé ó ti lọ, ó tún mí ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Níbi ìsìnkú, ẹnu àwọn èèyàn ò kúrò lára Ìyá Awọ. Wọ́n ní irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ní ó ṣe é dé ibi tí agbára mọ, Ọlọ́run ló ní tirẹ̀. Obìnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Awọ ẹ ló wọ̀ lọ, kò lọ níhòòhò." Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè rí ni gbé ṣe, iná dúróòmù ni wọ́n sì ń sọ. Ó ń mi orí. Ẹni tí a ní kó feni lójú tó fi ata sẹ́nu, bí kò bá rẹ́ni bú u, níbo ni yóò ti rí omi fi fọ ẹnu?

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá wọn wá sí ilé iṣẹ́ náà. Ẹnìkan ló ti sọ fún un pé ohun kan láti ara ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè níbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti da abọ́ náà nù, bí wọ́n ti ń ṣe ti ẹni tó bá kú. Ọ̀gá ló sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ìyá náà, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun tó fẹ̀ jù ú lọ. Ìyá Awọ gbé abọ́ sábẹ́ awò, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú sí i.

Ìyá náà wò títí.

"Wọ́n mà pọ̀," ó wí. "Òun rèé?"

"Òun ni, Màámi."

"Wọ́n di ara wọn mú. Ṣé wọ́n lókun?"

"Wọ́n lókun."

"Kò sóhun tó ṣe wọ́n?"

"Kò sóhun tó ṣe wọ́n."

Ìyá náà gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé tiẹ̀ ò lókun, ìyẹn lo ṣe fi tìẹ kún un. Kí ni wọ́n ṣe fún èyí tó fi dára tó báyìí?"

Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ń kùn lókè wọn. Ọ̀gá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ilẹ̀.

"Kò sí ohun tí wọ́n ṣe fún un, Màámi. Mi ò sí níbẹ̀ ni."

"Báwo?"

"Nínú àwọn abọ́ yòókù, èmi àti òun la jọ wà. Tèmi jẹ tiẹ̀ tán. Kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sí i lára ló ti tán. Nínú èyí, òun nìkan ni mo fi sí i. Mi ò sí níbẹ̀."

Ìyá náà kò sunkún, kò sì ké. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó fọwọ́ lé itan bó ṣe ń ṣe ní yàrá àwọn tí iná jó. 

"Mo mọ̀ ọ́n nígbà kan," ó ní. "Mo ra abọ́ fún un."

Ìyá Awọ gbé abọ́ kékeré náà kúrò lábẹ́ awò.

"Ìgbà wo ni wọ́n ń jẹun?"

"Ìsinsìnyí, Màámi. Mo fẹ́ bu omi oúnjẹ fún wọn ni."

Ó ti na ọwọ́ sí ìgò. Ìyá rẹ̀ wò ó lójú. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn ìbínú. Ohùn ọjọ́ tó ra abọ́ kejì ni.

"Sún kúrò nídìí abọ́ àbúrò ẹ. Jẹ́ kí ọ̀gá yín bọ́ wọn."

Ìgò náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí Ìyá Awọ gbé e fún Ọ̀gá. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ ìkejì, ó jáde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ara rẹ̀ síta.